Ohun Tí Òbí Ń San Ní Jẹ́lé-ó-sinmi Aláfọwọ́sowọ́pọ̀

Láàárín àwọn Yorùbá tó ń tọ́mọ ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn kan wà tí wọ́n máa ń fún ara wọn: bí owó jẹ́lé-ó-sinmi bá ti ń pọ̀ jù fún ẹ, lọ wá co-op. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni jẹ́lé-ó-sinmi aláfọwọ́sowọ́pọ̀, èyí tí àwọn òbí fúnra wọn dá sílẹ̀, tí wọ́n ń darí, tí wọ́n sì ń pín iṣẹ́ inú rẹ̀ ṣe. Òye tí ọ̀pọ̀ ní nípa rẹ̀ kò ju pé ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ ń fi iṣẹ́ ara dí i. Àwọn mìíràn á tún fi kún un pé kò sí olùkọ́ gidi níbẹ̀, pé àwọn ìyá ọmọ ló ń kó ara wọn jọ máa ṣọ́ ọmọ ara wọn. Òye yìí kò tọ̀nà, ó sì ń kó ìdílé síyọnu. Lóṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Kó tó di oṣù Kejìlá, wọ́n ti ń bínú sí iléẹ̀kọ́, iléẹ̀kọ́ náà sì ń bínú sí wọn.

Ìtàn ló kọ́kọ́ já irọ́ náà. Èyí tí àwọn òpìtàn sábà máa ń tọ́ka sí pé ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni èyí tí àwọn obìnrin méjìlá dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1916. Ìyàwó àwọn olùkọ́ Yunifásítì Chicago ni wọ́n. Kò sí ẹni tó máa sọ pé àìrówósan ló lé wọn débẹ̀, nítorí pé nígbà yẹn, bí èèyàn lówó bí kò lówó, iléẹ̀kọ́ tó ń gba ọmọ ọdún mẹ́ta ṣọ̀wọ́n. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wá: kí ọmọ wọn rí ẹgbẹ́ bá ṣeré, kí àwọn fúnra wọn kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọmọ títọ́, kí wọ́n sì rí àyè díẹ̀ fi ṣiṣẹ́ fún Red Cross, torí ogun àgbáyé kìn-ín-ní ti ń jà ní Yúróòpù. Ẹ wá owó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ò ní rí i.

Ẹni tó sọ ète kejì yẹn di ọwọ̀n ilé ni Katharine Whiteside Taylor. Ó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ Children's Community ní Berkeley, ní California, ní 1927, iléẹ̀kọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Nígbà tó yá, ó kó lọ sí Seattle, àwọn iléẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ládùúgbò kan tẹ̀ lé òmíràn níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Ní 1954 ó ṣe ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń kà bí atọ́nà. Lójú Taylor, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló wà nínú yàrá kan náà, ọmọ àti òbí rẹ̀, àti pé ìyá tó fi òwúrọ̀ kan wo ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á padà sílé wo ti ara rẹ̀ pẹ̀lú ojú mìíràn.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ìwé. Ní Seattle lónìí, òbí tó bá mú ọmọ lọ sí co-op tó so mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú, òun náà á forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ tó yàn sì ni ọmọ títọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì á yan olùkọ́ fún àwọn òbí, ọ̀tọ̀ sí olùkọ́ àwọn ọmọ. Onítọ̀hún á máa wá sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ, á sì máa bá àwọn òbí jókòó lálẹ́, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lórí ọ̀rọ̀ oorun, ìbínú, jíjẹ àti àìjẹ, bí ọmọ ṣe ń kúrò nínú nápíkìn, ìjà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ẹni tó bá torí owó lọ síbẹ̀ á máa wo ìpàdé alẹ́ yẹn bí owó òde tí wọ́n dá lé e lórí. Bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an lọjà tí wọ́n ń tà.

Irọ́ ọ̀hún kò ṣàdédé rẹ́sẹ̀ dúró ṣá. Lóòótọ́ ni owó co-op sábà máa ń kéré sí ti iléẹ̀kọ́ aládàáni, nítorí pé ibi tí àwọn yòókù ti gba amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta sẹ́nu iṣẹ́ fún olùkọ́, òbí mẹ́ta ló dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí kò gba ojú àpò jáde ti gba ibòmíràn lọ. Ká ní ìyá kan ń gba dọ́là 20 fún wákàtí kan níbi iṣẹ́ rẹ̀, tí co-op sì ń béèrè òwúrọ̀ kan lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wákàtí mẹ́rin pẹ̀lú títún yàrá ṣe. Wákàtí 16 nìyẹn lóṣù. Ìpàdé alẹ́ gba méjì. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn fún un, bóyá akápò tàbí ẹni tó ń ra nǹkan, gba mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ di wákàtí 22, tí í ṣe dọ́là 440, kò sì tíì san owó iléẹ̀kọ́. Bí iléẹ̀kọ́ aládàáni tó wà nítòsí bá fi dọ́là 300 wọ́n ju co-op náà lọ, co-op ló wọ́n jù fún obìnrin yìí. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ tún ní owó ìtanràn fún ẹni tó bá pa ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ, wọ́n sì ń retí kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kópa nínú ìkówójọ ọdọọdún. Fún ẹni tó fẹ́ wà nílé pẹ̀lú ọmọ tẹ́lẹ̀, ìṣirò náà yí padà pátápátá, nítorí wákàtí 22 yẹn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Àṣìṣe mìíràn rọ̀ mọ́ èyí, pé co-op jẹ́ ibi tí à ń gbé ọmọ sí ká tó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dára jù láti fi tú èyí palẹ̀, ó sì kàn wá. Ní 1960, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ níbẹ̀ fi ìwé àṣẹ kan síta, Circular 8/60, pé kí wọ́n má ṣe fi àyè tuntun kún jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba. Ní oṣù Kẹjọ 1961, ìyá ọmọ kan ní London, Belle Tutaev, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Guardian pé bí ìjọba ṣe ń fi falẹ̀ yìí, àwọn ìyá lè dá tiwọn sílẹ̀. Lẹ́tà èsì ya wọlé. Nígbà tó fi máa di 1962, ẹgbẹ́ Pre-school Playgroups Association ti dúró. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì àti yàrá ìpàdé àdúgbò ni àwọn playgroup wọ̀nyí ń lò, wákàtí méjì sí mẹ́ta láàárọ̀, lọ́jọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀, àwọn ìyá sì ń gba ìṣọ́ fún ara wọn.

Lásìkò kan náà yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kún London, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ọkọ ń ka ìwé òfin, ìyàwó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ó ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́, ilé tí wọ́n háyà kò ju yàrá kan lọ. Playgroup tó ń ṣí fún wákàtí méjì àtààbọ̀, tó sì tún ń fẹ́ kí ìyá dúró tì í, kò lè bọ́ sí i fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn gbà ni pé wọ́n polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, tí wọ́n ń wá ìdílé òyìnbó tó máa gba ọmọ wọn tọ́. Àwọn ọmọ náà ti di àgbàlagbà báyìí, àwọn kan nínú wọn sì ti sọ ohun tójú wọn rí fáyé gbọ́. Èmi ò ní dá òbí wọn lẹ́bi níhìn-ín. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé àìní méjì ló wà: ẹni tó ń wá ibi tí ọmọ máa wà láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ń wá nǹkan kan, ẹni tó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ń wá nǹkan mìíràn, kò sì sí bí a ṣe lè fi èkejì dí àyè èkíní.

Ẹlòmíràn á ti máa sọ pé, ó dáa, a jẹ́ pé iléẹ̀kọ́ àwọn ìyàwó olówó ni. Ìyẹn náà kò jóòótọ́. Ní 1945, bí ogun àgbáyé kejì ṣe parí, àwọn ará Villa Cella, abúlé kan lẹ́bàá Reggio Emilia ní Ítálì, ta ọkọ̀ ogun kan, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àti ẹṣin tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fi sílẹ̀ sá lọ, wọ́n sì fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iléẹ̀kọ́ ọmọdé. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Loris Malaguzzi, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ tí orúkọ rẹ̀ wá di ńlá nínú ẹ̀kọ́ ọmọdé, gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ nígbà tó gbọ́, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ní Mississippi ní 1965, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọmọdé tó ń jẹ́ Head Start, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Child Development Group of Mississippi ṣí ibùdó ọmọdé káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Àwọn òbí aláwọ̀ dúdú tí owó kò ká ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n sì ń gbowó, àwọn náà ló wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí. Ó ka àwọn olóṣèlú aláwọ̀ funfun lára débi pé Sẹ́nétọ̀ John Stennis gbógun ti owó tí ìjọba ń fún ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀rù kì í bà wọ́n bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọ tó ń fi ọ̀dà ya àwòrán. Agbára tó wà lọ́wọ́ àwọn òbí ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Kí wá ni òbí ń ṣe níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó kàn án? Ó gbọ́dọ̀ ṣáájú àwọn ọmọ dé. Á wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kó lè mọ ibi tí wọ́n fi í sí: ẹnì kan nídìí tábìlì ọ̀dà, ẹnì kan nídìí yanrìn lóde, ẹnì kan nídìí ìpápánu. Ẹni tó kàn á ti fi ìyẹ̀fun, iyọ̀, òróró àti omi po nǹkan tí àwọn ọmọ á máa fi ọwọ́ mọ wá láti ilé, á sì ti rí i dájú pé ẹ̀pà kò sí nínú ohun jíjẹ kankan tó gbé wá, nítorí ọmọ tí ẹ̀pà lè pa. Iṣẹ́ rẹ̀ kò kan kíkọ́ ọmọ ní A B D. Ó jókòó sórí àga kékeré tí orókún á fi máa kan àgbọ̀n, ó ń wò, ó ń dáhùn ìbéèrè, ó ń nu ọ̀dà.

Wàyí o, ọmọ kan já ọkọ̀ ìṣeré gbà lọ́wọ́ èkejì, èkejì sì gé e jẹ. Òbí tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ìyá ọ̀kankan nínú wọn. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ, kò gbọdọ̀ jágbe mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ iléẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì ní fẹ́ kó fipá mú un pé "ó yá, bẹ̀ ẹ́." Wọ́n fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ, kó sọ ohun tó rí: ìwọ fẹ́ ọkọ̀ yẹn, òun ṣì ń lò ó, wo apá rẹ, ojú eyín ti wà níbẹ̀. Kó wá dákẹ́, kó dúró. Fún ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà pẹ̀lú "kúnlẹ̀, tọrọ àforíjì," ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ń yọni lẹ́nu. Èmi ò gbà pé tiwa burú. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé ibẹ̀ ti jọ fẹnu kò lórí ọ̀nà kan, ẹni tí kò bá lè fi tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà fún òwúrọ̀ kan lọ́sẹ̀ á kàn máa da ọmọ láàmú ni. (Ọmọ ọdún mẹ́rin á sì pe ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ní "Folashade" gbàlàjà, á tún fi bàtà tí kò mọ̀ ọ́n wọ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ múra sílẹ̀.)

Ohun tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ mọ̀ dáadáa, tí òbí tuntun kì í sì í gbàgbọ́ àfi tó bá ṣẹlẹ̀ sí i, ni pé ọjọ́ tí ìyá bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ọmọ tirẹ̀ máa ń ṣàgídí jù. Ọmọ tó ń dá ṣeré láti ọjọ́ Ajé á wá lẹ̀ mọ́ aṣọ ìyá rẹ̀, á máa ti ọmọ tó bá jókòó sítòsí rẹ̀. Kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pín in. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í sì í rọlẹ̀ fún àwọn ọmọ kan. Àbúrò tó wà lọ́wọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ co-op kì í fẹ́ kí òbí gbé ọmọ ọwọ́ wá lọ́jọ́ iṣẹ́, torí náà ìdílé tó ní ọmọ oṣù mẹ́jọ gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa bá wọn gbé e, bóyá kí wọ́n sanwó fún onítọ̀hún pàápàá.

Ti pé kò sí olùkọ́ gidi, ibi tí ènìyàn wà ló máa sọ. Ní Amẹ́ríkà, co-op tó pọ̀ jù ló ń gba olùkọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń san owó oṣù fún. Ní Niu Sílándì, ọ̀nà mìíràn ni Playcentre, tó bẹ̀rẹ̀ ní Karori ní Wellington ní 1941 nígbà tí àwọn ọkùnrin wà lójú ogun, ń tọ̀: àwọn òbí fúnra wọn ló ń darí yàrá, wọ́n sì ń gba ẹ̀kọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìkan díwọ̀n ìkejì. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní EPPE, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 tó sì tẹ̀ lé ọmọ bí 3,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ohun méjì tó kan ọ̀rọ̀ yìí. Ó rí i pé níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti kàwé jù nípa ẹ̀kọ́ ọmọdé ni iṣẹ́ ti ń dára jù, àti pé lápapọ̀, ti playgroup kò tó ti jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba. Ó tún rí i pé ohun tí òbí ń bá ọmọ ṣe nílé, bíi ìwé kíkà àti orin kíkọ, wúwo ju ipò tàbí iṣẹ́ òbí lọ. Àwọn tó fẹ́ràn co-op máa ń ka gbólóhùn kejì, wọ́n á fo èkíní. Èmi gbà pé èkíní ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ìpinnu: ìtara òbí ogún kò lè dípò olùkọ́ kan tó mọ ìdí tí ọmọ ọdún mẹ́ta fi ń da omi sínú yanrìn.

Àwọn kan láàárín wa máa ń fi co-op wé ọ̀wẹ̀. Àárò ló jọ. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á se oúnjẹ, àwọn èèyàn á ṣiṣẹ́, wọ́n á jẹun, ó parí. Gbèsè ni àárò: ẹni tí wọ́n bá ro oko rẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ dé oko ẹlòmíràn lọ́la, bí ara rẹ̀ kò bá sì yá, á rán ẹlòmíràn. Co-op náà sábà máa ń gba aṣojú, ìyá àgbà tàbí ẹni tó ń bá wọn tọ́mọ, bí ìwé rẹ̀ bá pé. Ní California, láti 2016, òfin ní kí ẹni tó bá ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní ibùdó ìtọ́jú ọmọdé fi ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná èèyí àti ikọ́ líle hàn. Ibi tí àárò kò dé ni ti olùkọ́. Nínú co-op, àwọn òbí ni ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin tó tọ́ ẹ sọ́nà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun nídìí tábìlì ọ̀dà, ìwọ lo máa jókòó ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti sọ bóyá wọ́n máa fi nǹkan kún owó oṣù rẹ̀. Ìpàdé bẹ́ẹ̀ ló ń tú ọ̀pọ̀ co-op ká. Ẹni tó bá ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun kan wà tí mo rò pé co-op lè ṣe fún Yorùbá ilẹ̀ òkèèrè tí owó kò lè rà. Àwọn Maori ní Niu Sílándì ti ṣe é. Láti 1982 ni wọ́n ti ń ṣí kōhanga reo, ibi tí ọmọ kékeré ti ń gbọ́ èdè Maori nìkan láti àárọ̀, tí ẹbí fúnra wọn ń darí, tí àwọn ìyá àgbà tó gbọ́ èdè náà sì ń wà níbẹ̀. Ìdílé mẹ́jọ ní Houston tàbí ní Peckham ní London lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá. Kí wọ́n tó ṣe é, kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé òfin ẹgbẹ́ àti ìwé ìṣúná.

Ní ti ẹni tó fẹ́ wọ èyí tó ti wà nílẹ̀, kó lọ wò ó lọ́jọ́ tí wọn kò pe àlejò. Kó béèrè iye ọdún tí olùkọ́ ti lò, iye ìdílé tó kúrò láàárín ọdún tó kọjá, àti ibi tí owó dé báyìí. Kí ọkọ àti ìyàwó jọ ka ìwé òfin ẹgbẹ́ náà, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó máa lọ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan síwájú ọjọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ máa ń rò pé òwúrọ̀ òun ṣófo, kó rántí pé ẹni tí kò sùn láti àná ni wọ́n máa fi ṣọ́ ọmọ mẹ́fà nídìí àkàbà. Àwọn co-op kan wà tó ń jẹ́ kí ìdílé san owó lé e kí ọjọ́ iṣẹ́ wọn lè dín kù. Fún oṣù kan tí nǹkan le, ó dára. Ìdílé tó bá rí i pé bí àwọn yóò ṣe máa ṣe é nìyẹn láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kẹfà, iléẹ̀kọ́ aládàáni ni kí wọ́n wá.